Fíìmù Wo Ló Ń Dẹ́rù Bani Jù Lọ?

Bí ẹ bá bi ènìyàn mẹ́wàá pé fíìmù wo ló dẹ́rù bà wọ́n jù láyé wọn, ẹ lè gbọ́ orúkọ mẹ́wàá, kálukú á sì fi gbogbo ẹnu sọ tirẹ̀. Ẹnì kan á ní The Exorcist ni, pé lẹ́yìn tí òun wò ó, òun kò lè dá sùn fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹnì kejì á bú sẹ́rìn-ín, á ní ṣé ọmọdé tó ń bì ni ẹ ń pè ní ẹ̀rù. Bí oṣù Kẹwàá bá ti dé lọ́dọọdún, àwọn ìwé ìròyìn òyìnbó á to fíìmù 50 tàbí 100 sílẹ̀ pé àwọn ló ń bani lẹ́rù jù, ti oníkálukú kì í sì í bá ti ẹnì kejì mu. Ẹni tó kàn fẹ́ mọ èyí tí òun máa wò lálẹ́ Sátidé á wá dààmú sí i ni.

Ohun tó fà á ni pé oríṣiríṣi nǹkan ni fíìmù adẹ́rùbani ń ṣe sí wa lára, a wá kó gbogbo wọn sínú àpò kan. Fíìmù tó mọ ọ̀kan ṣe dójú àmì lè má mọ èkejì ṣe rárá. Bí a bá yà wọ́n sọ́tọ̀, ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn á tán fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó gbà pé ẹ̀rọ lè parí ẹjọ́ náà. Ní 2020, ilé iṣẹ́ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó máa ń bá àwọn oníbàárà fi owó íntánẹ́ẹ̀tì wéra kó 50 ènìyàn jọ. Wọ́n so ẹ̀rọ tó ń ka lílù ọkàn mọ́ wọn lára, wọ́n sì fi fíìmù adẹ́rùbani tó tó 100 wákàtí hàn wọ́n. Nígbà tí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, ọkàn wọn ń lù ní ìgbà 65 láàárín ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí wọ́n wo Sinister, fíìmù kan tó jáde ní 2012, ó gòkè sí 86, wọ́n bá fi adé lé e lórí. Ní ọdún kejì, Host ló gba adé. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń gbé e kiri pé sáyẹ́ǹsì ti sọ̀rọ̀, ẹjọ́ ti parí.

Ẹ fara balẹ̀ wo iye yẹn ná. Láti 65 sí 86 kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Ẹni tó bá gun àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta láìsinmi, ọkàn rẹ̀ á lù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìdánwò kan náà, Insidious ló mú ọkàn fò sókè jù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: ó dé 133, ó sì rọlẹ̀ padà. Èwo ló wá jẹ́ ẹ̀rù jù nínú méjèèjì, èyí tó ga fíofío fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni, àbí èyí tó ga díẹ̀ tí kò sì sọ̀kalẹ̀ títí fíìmù fi parí? Nǹkan kan sì tún wà tí ẹ̀rọ náà kò lè sọ fún wa. Bí ẹ̀rù bá wọ ènìyàn lára gan-an, tó di pé ó dákẹ́, tó ń fetí sílẹ̀, tí kò fẹ́ mí, ọkàn rẹ̀ lè rọra lù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹran ìgbẹ́ tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ọdẹ, dídúró ló kọ́kọ́ máa ń dúró gbagidi kó tó sá. Ara tiwa náà ò gbàgbé ìyẹn. Ẹ̀rọ tó ń ka lílù ọkàn á máa ṣojúsàájú fíìmù tó ń múni fò, á sì máa fojú kéré èyí tó ń múni dì.

Fífò yẹn ni ká kọ́kọ́ mú. Ariwo òjijì, ojú tó yọ lójijì, ọwọ́ tó gbá èjìká mú látẹ̀yìn: ara á ti ta gìrì kí ọpọlọ tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ojú á ṣẹ́, ọrùn á sún kì, èjìká á gòkè, kò sì ní tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìgboyà kò lè dá a dúró, torí pé kò gba ọ̀dọ̀ ìrònú kọjá rárá; ìkókó pàápàá máa ń ṣe é. Ó ti pẹ́ tí àwọn onífíìmù ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú Cat People, tí Jacques Tourneur darí ní 1942, obìnrin kan ń dá rìn lójú títì lálẹ́, ó ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó yá, kò gbọ́ ọ mọ́. Bó ṣe ń wẹ̀yìn wò, nǹkan kan ké hàà bí ẹranko búburú: bọ́ọ̀sì ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bọ́ọ̀sì lásán. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí, ọgbọ́n bọ́ọ̀sì yẹn kò sì tíì gbó. Nígbà mìíràn, olóńgbò ló máa fò jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà mìíràn, wọ́n á ti ilẹ̀kùn fíríìjì, ẹnì kan á ti dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Etí ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Daniel Blumstein ní Yunifásítì California ní Los Angeles ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbọ́ igbe àwọn marmot, ẹranko kan tó ń gbé inú ihò bí òkété. Ó ṣàkíyèsí pé igbe ẹran tí ẹ̀rù ń bà máa ń ha, ó máa ń fọ́, ó sì máa ń ti ìsàlẹ̀ fò sókè láìròtẹ́lẹ̀. Nínú iṣẹ́ kan tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2010, wọ́n rí i pé irú ìró kan náà ni àwọn onífíìmù adẹ́rùbani ń kó sínú fíìmù wọn. Ẹ rántí Psycho ti 1960. Alfred Hitchcock, tó darí rẹ̀, fẹ́ kí ibi tí wọ́n ti pa obìnrin kan nínú balùwẹ̀ wà láìsí orin rárá. Bernard Herrmann, tó ń ṣe orin fíìmù náà, kò gbọ́. Ó kọ orin sí i, gòjé òyìnbó tó ń ké bí ẹyẹ tí wọ́n ń fún lọ́rùn, Hitchcock gbọ́ ọ, ó sì yí ohùn padà. Ẹ pa ohùn rẹ̀ kí ẹ wá wò ó. Ọ̀bẹ kan tó ń lọ tó ń bọ̀ ni ẹ ó rí, àti ẹ̀jẹ̀ tó jẹ́ pé omi ṣokoléètì ni, torí fíìmù dúdú àti funfun ni, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ ọ́n yàtọ̀.

Lójú tèmi, èyí ló rọrùn jù láti ṣe nínú gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá ju abọ́ irin mọ́lẹ̀ lẹ́yìn yín lè mú yín fò sókè, kò sì tìtorí ìyẹn di olùdarí fíìmù.

Obìnrin kan wà ní Amẹ́ríkà tí àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Iowa ti yẹ̀ wò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àìsàn kan tó ṣọ̀wọ́n ti ba amygdala rẹ̀ jẹ́ ní apá méjèèjì ọpọlọ. Ibẹ̀ ni ọpọlọ ti máa ń mọ ohun tó léwu. Wọ́n mú un lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta ejò, wọ́n mú un wọ ilé tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ láti fi dẹ́rù ba àwọn àlejò, wọ́n sì fi àwọn ibi tó burú jù nínú àwọn fíìmù adẹ́rùbani hàn án, The Blair Witch Project àti The Shining wà lára wọn. Ẹ̀rù kò bà á. Fíìmù dùn mọ́ ọn. Ó tiẹ̀ béèrè orúkọ ọ̀kan kó lè lọ yá a wò nílé. Wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde, gbogbo ayé ní a ti rí ilé tí ẹ̀rù ń gbé. Àmọ́ ní 2013, àwọn onímọ̀ ní kí òun àti àwọn méjì mìíràn tí àìsàn kan náà ń ṣe fa afẹ́fẹ́ carbon dioxide símú, èyí tó máa ń mú ara rò pé èémí fẹ́ tán. Jìnnìjìnnì bò ó. Ó ń fi ọwọ́ já ohun tí wọ́n fi bo imú rẹ̀. Ó ní òun kò rí irú rẹ̀ rí. Ejò kò bà á lẹ́rù, òkú tó jí dìde kò bà á lẹ́rù, àmọ́ èémí tó fẹ́ tán bà á lẹ́rù dójú ikú. Tó bá jẹ́ pé nínú ọpọlọ ẹnì kan ṣoṣo, ọ̀nà tí ẹ̀rù ń gbà wọlé ju ẹyọ kan lọ, báwo ni fíìmù kan ṣe máa jẹ olórí gbogbo wọn?

Ohun tí kò tíì dé

Hitchcock ní àpẹẹrẹ kan tó fẹ́ràn láti máa sọ. Ká ní ènìyàn méjì jókòó nídìí tábìlì, wọ́n ń sọ̀rọ̀ tí kò ní láárí, bọ́ǹbù bá dún lábẹ́ tábìlì lójijì. Òǹwòran á ta gìrì fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó wá ní, ẹ jẹ́ kí òǹwòran kọ́kọ́ rí bọ́ǹbù náà, kó mọ̀ pé aago kan lọ́sàn-án ló máa dún, kó sì rí aago lára ògiri pé ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀rọ̀ tí kò ní láárí yẹn kan náà ni àwọn méjèèjì á ṣì máa sọ, ṣùgbọ́n òǹwòran á ti máa fẹ́ pariwo pé kí wọ́n dìde. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni àyà rẹ̀ á fi máa já.

Ìdúródè yẹn ni mo gbà pé ó jẹ́ ẹ̀rù gidi, àìrówó àti àìsí ohun èlò ló sì bí ọ̀pọ̀ nínú èyí tó dára jù. Nígbà tí Steven Spielberg ń ṣe Jaws, tó jáde ní 1975, ekurá onírin tí wọ́n fẹ́ fi ṣe fíìmù náà kàn ń bàjẹ́ ṣáá nínú omi òkun ni. Ó di dandan kó wá ọgbọ́n dá. Ó lo orí omi lásán, ó lo àgbá tó ń léfòó, ó lo ohùn orin méjì péré tí John Williams ń lù léra, tó ń yára sí i. Fíìmù náà ti lé ní wákàtí kan kí ẹja náà tó yọjú dáadáa. Nígbà yẹn, àwọn òǹwòran ti fi ọkàn ara wọn ya ekurá tó tóbi ju ti Spielberg lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ọmọ Èkó gan-an nìyí. Ní 1978, Ridley Scott ń ṣe Alien, ìtàn ẹ̀dá abàmì kan tó ń pa àwọn tó wà nínú ọkọ̀ òfuurufú tó ń rìn láàárín àwọn ìràwọ̀, ní Shepperton, lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù. Ayàwòrán ará Switzerland kan, H. R. Giger, ti ya ẹ̀dá abàmì kan tí orí rẹ̀ gùn sẹ́yìn, tí èèyàn kò lè rí ojú rẹ̀, tí ẹnu kékeré kan tún wà nínú ẹnu rẹ̀. Ta ló máa wọ aṣọ rẹ̀? Bí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá rí bí ènìyàn lásán, ẹ̀rín ni àwọn òǹwòran máa fi ṣe. Aṣojú òṣèré kan wá rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan nílé ọtí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti ààbọ̀ lọ, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn gbọọrọ. Bọ́lájí Badéjọ lorúkọ rẹ̀. Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1953. Bàbá rẹ̀, Victor Badéjọ, ti jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba Nàìjíríà. Iṣẹ́ ọnà ni ọmọ náà ń kọ́ nígbà yẹn, kò ṣe fíìmù rí.

Wọ́n ní kó lọ kọ́ tai chi, eré ìdárayá jẹ́jẹ́ ti àwọn ará Ṣáínà, àti eré tí wọ́n ń fi ara nìkan ṣe láìsọ̀rọ̀, kí ìrìn rẹ̀ lè máa lọ́ra, kó máa yọ́ bí ẹran tó ń dọdẹ. Inú aṣọ náà gbóná. Ìrù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò jẹ́ kó lè jókòó sórí àga, ni wọ́n bá so jangirọ́fà kan fún un tó ń sinmi lé láàárín iṣẹ́. Gbogbo wàhálà yìí, nígbà tí fíìmù jáde ní 1979, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni a fi rí ẹ̀dá náà nínú fíìmù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méjì. A rí ọwọ́ rẹ̀. A rí itọ́ tó ń kán lẹ́nu rẹ̀. A rí nǹkan kan tó ṣù jọ láàárín àwọn páìpù, tí a rò pé ara páìpù ni títí tó fi mira. Ìyókù, àwa fúnra wa la rò ó. Badéjọ kò ṣe fíìmù mìíràn mọ́. Ó padà sí Nàìjíríà, ó dá ibi tí wọ́n ti ń pàtẹ iṣẹ́ ọnà sílẹ̀, ó sì kú ní Èkó ní oṣù Kejìlá 1992, lọ́mọ ọdún 39. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ló ń bá a jà. Mo mọ àwọn tí wọ́n ti wo Alien láìmọye ìgbà, tí wọ́n lè dárúkọ gbogbo òyìnbó inú rẹ̀, tí wọn kò mọ̀ pé ọmọ Yorùbá ló ń lé wọn kiri nínú ọkọ̀ òfuurufú yẹn.

Ti ìríra kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn fíìmù kan wà tó jẹ́ pé ẹran ara tí wọ́n ń gé àti ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn ni gbogbo ọjà wọn. Ó lè rí yín lára, èébì lè gbé yín, ẹ lè ní kí wọ́n pa á, ẹ̀rù sì lè má bà yín rárá. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu níbẹ̀ ni The Texas Chain Saw Massacre ti 1974. Àwọn tó wò ó á búra pé ẹ̀jẹ̀ kún inú rẹ̀ bámúbámú, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ tó hàn níbẹ̀ kò tó nǹkan. Tobe Hooper, olùdarí rẹ̀, kàn jẹ́ kí ayùn máa dún ni.

Ohun tí ẹ ti gbà gbọ́ kí ẹ tó jókòó

Ó ku èyí tó ń fa ìjà jù. The Exorcist, ìtàn ọmọbìnrin kan tí ẹ̀mí àìmọ́ wọ̀ lára, tí William Friedkin darí, jáde ní Amẹ́ríkà lọ́jọ́ kejì Kérésìmesì ọdún 1973. Àwọn òǹwòran dákú. Àwọn kan bì. Àwọn mìíràn dìde jáde láàárín fíìmù, bẹ́ẹ̀ ẹlòmíràn ń tò síta nínú òtútù láti wọlé. Wọ́n yàn án fún Oscar mẹ́wàá, títí kan ti fíìmù tó dára jù lọ, èyí tí wọn kò yan fíìmù adẹ́rùbani kankan fún rí. Ó gba méjì. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó di 1999 kí àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò fíìmù tó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa tà á fún wíwò nílé.

Ọ̀pọ̀ ọmọ ìsinsìnyí ló ń wò ó lónìí tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe pé ojú wọn là ju ti àwọn ará ìgbà yẹn lọ. Friedkin ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa: ó fi ẹ̀rọ amúlétutù sọ yàrá ọmọ náà di òtútù nini, kí èémí tó ń rú bí èéfín lẹ́nu àwọn òṣèré lè jẹ́ òótọ́. Ohùn tó ń jáde lẹ́nu ọmọbìnrin náà, ti àgbà òṣèré kan ni, Mercedes McCambridge, ẹni tó gbé ẹyin tútù mì, tó mu sìgá, tó mu ọtí líle kí ohùn rẹ̀ lè ha. Ṣùgbọ́n ohun tó gbé fíìmù náà ró gan-an ni pé kò sáré lọ sọ́dọ̀ àlùfáà. Ilé ìwòsàn ló kọ́kọ́ gbé ọmọ náà lọ. Dókítà gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n ya àwòrán orí rẹ̀, wọ́n gbìmọ̀ pọ̀, ọ̀nà ìṣègùn sì pin. Ìyá rẹ̀, tí kò gba Ọlọ́run gbọ́, ló wá ń bẹ àlùfáà. Òǹwòran tó gbà tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀mí àìmọ́ wà á rí i pé gbogbo ilẹ̀kùn ti tì. Òǹwòran tí kò gbà á rí ọmọdé kan tí wọ́n kun ojú rẹ̀.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ẹni tó dàgbà sínú ìjọ aláṣọ funfun, tàbí tó ti wà níbi àìsùn tí wọ́n ti ń lé ẹ̀mí àìmọ́ jáde lára ẹnì kan, tó rí bí ẹni náà ṣe ń yí gbirigbiri nílẹ̀, kò lè wo The Exorcist bí àlọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé, fún àwa tí a jẹ́ ọmọdé nílẹ̀ Yorùbá ní àwọn ọdún 1990, Hollywood kò ní ohun tó tó Agbára Ńlá. Ẹgbẹ́ òṣèré Mount Zion, tí Mike Bámilóyè dá sílẹ̀ ní 1985, ló ṣe é. Owó kò sí níbẹ̀, iṣẹ́ kámẹ́rà rẹ̀ kò yọrí ọlá, síbẹ̀ bí orin rẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀, ọmọ á ti wọ ẹ̀yìn àga. Orúkọ Ìsàwùrù, ẹni ibi inú rẹ̀, nìkan tó láti lé ọmọ lọ sùn. Àwọn fíìmù Yẹkínì Àjílẹ́yẹ bíi Kòtò Ayé, tó dá lé ọ̀rọ̀ àwọn àjẹ́, náà kò jẹ́ kí ọmọ fẹ́ dá jáde lọ tọ̀ lóru. Wọn kò nílò láti fi ohunkóhun yé wa. Ìyá àgbà ti sọ gbogbo rẹ̀ fún wa kí wọ́n tó gbé kámẹ́rà. Ìyàtọ̀ kan ṣáá wà: fíìmù òyìnbó fẹ́ kí ẹ̀rù bà yín kí ẹ sì sanwó wá wo apá kejì, Agbára Ńlá fẹ́ kí ẹ̀rù bà yín kí ẹ lè kúnlẹ̀ gbàdúrà.

Ìgbàgbọ́ náà kò di dandan kó jẹ́ ti ẹ̀sìn. Kí The Blair Witch Project tó jáde ní 1999, àwọn tó ṣe é ti fi sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta wọ igbó ní Maryland, wọn kò padà, fídíò wọn nìkan ni wọ́n rí. Wọ́n lẹ ìwé pé à ń wá wọn. Àwọn òṣèré náà lo orúkọ ara wọn gan-an, àwọn fúnra wọn ló gbé kámẹ́rà, àwọn olùdarí sì ń dín oúnjẹ wọn kù, wọ́n ń mi àgọ́ wọn lóru. Íntánẹ́ẹ̀tì ṣì jẹ́ tuntun. Ọ̀pọ̀ gbà pé òótọ́ ni. Fíìmù tí wọn kò ná owó gidi lé lórí pa owó tó súnmọ́ 250 mílíọ̀nù dọ́là. Ẹ fi han ọmọ ọdún méjìdínlógún lónìí, á ní igi lásán ni òun ń wò. Ó tọ̀nà, nítorí ìròyìn tó ṣáájú fíìmù náà ló dẹ́rù ba àwọn tó kọ́kọ́ wò ó, ìròyìn yẹn kò sì sí mọ́.

Ibi tí ẹ ń gbé náà ń dá sí i. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé Amẹ́ríkà á wo Get Out, tí Jordan Peele ṣe ní 2017, ní ọ̀nà tí ará Ìbàdàn kò ní gbà wò ó. Nígbà tí iná ọkọ̀ tó dà bíi ti ọlọ́pàá tàn sí ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú inú rẹ̀ ní ìparí, tí òkú sì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹni tó ń gbé ibẹ̀ mọ ohun tó sábà máa ń tẹ̀ lé e láìsí pé ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń wá ìwé ìgbélùú ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ wo His House ti 2020. Wùnmí Mosakú àti Ṣọpẹ́ Dìrísù ló kó ipa tọkọtaya tó sá kúrò ní South Sudan nítorí ogun. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún wọn ní ilé, àǹjọ̀nú sì wà nínú ògiri rẹ̀. Gbogbo òǹwòran fíìmù adẹ́rùbani ló máa ń béèrè pé kí ló dé tí wọn kò kó jáde nínú ilé náà. Níbí, ìdáhùn rọrùn: bí wọ́n bá kó jáde, wọ́n ti rú òfin, ìjọba lè dá wọn padà síbi tí wọ́n ti sá wá. Mi ò tíì rí fíìmù tó dáhùn ìbéèrè yẹn dáadáa tó bẹ́ẹ̀.

Ní ti àwọn ọmọdé, ẹ má fi ohun tó ń bà yín lẹ́rù díwọ̀n tiwọn. Ọmọ kékeré máa ń bẹ̀rù ohun tó burẹ́wà lójú, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹni rere nínú ìtàn. Ọmọ tó ti ń dàgbà ló máa ń bẹ̀rù ohun tó lè ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, bí olè tàbí ikú òbí. Fíìmù tí àgbà fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ lè ba oorun ọmọ ọdún márùn-ún jẹ́ fún oṣù kan.

Ó ku irú kan tí mo fi sẹ́yìn nítorí òun ni mo fẹ́ràn jù: fíìmù tó ń lo ohun tí ẹ fi ń wò ó. Host, tó gba adé ìdánwò ọkàn yẹn ní 2021, nígbà konílé-ó-gbélé àrùn Kòrónà ni Rob Savage ṣe é. Àwọn ọ̀rẹ́ kan pàdé lórí Zoom láti pe òkú, òkú sì jẹ́ ìpè. Inú ilé ara wọn ni àwọn òṣèré wà, olùdarí kò sí lọ́dọ̀ wọn, ìṣẹ́jú 57 péré sì ni gbogbo rẹ̀. Orí kọ̀ǹpútà ni kí ẹ ti wò ó, kí ẹ fi íápíìsì sétí. Lórí tẹlifíṣọ̀n ńlá, ìdajì adùn rẹ̀ ti lọ.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi dandan lé e pé kí n mú ẹyọ kan, Ringu ni máa mú, ti Hideo Nakata ní Japan, 1998, kì í ṣe èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà tún ṣe ní 2002. Kásẹ́ẹ̀tì kan ló wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ẹni tó bá wò ó á kú lẹ́yìn ọjọ́ méje. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìtagìrì kankan nínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò sí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ títí dé ìparí. Lẹ́yìn náà ni Sadako, iwin obìnrin inú rẹ̀, yọ, tí irun bò lójú, tó ń rìn bí ẹni tí eegun rẹ̀ ti yẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé òṣèré náà rin ẹ̀yìn-ẹ̀yìn, wọ́n wá yí fíìmù padà sẹ́yìn, ó wá dà bíi pé ó ń bọ̀ níwájú. Ojú rí i pé nǹkan kan kò tọ̀nà nínú ìrìn yẹn, ọpọlọ kò sì lè sọ ohun tó jẹ́. Èyí, lórí tẹlifíṣọ̀n ni kí ẹ ti wò ó, ẹ má lo fóònù: inú tẹlifíṣọ̀n ló ti ń rá jáde.